Bí A Ṣe Lè Ka Àmì Lọ́jíìkì ní Èdè Ojoojúmọ́

Iṣẹ́ tí a ń kọ́ níhìn-ín, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni. Ohun tí olùkọ́ bá sọ níwájú kíláàsì ni àwọn ọmọ yóò gbé lọ sílé. Ohun tí ó bá sì kọ sára pátákó ni àwọn òbí yóò gbà gẹ́gẹ́ bí òfin. Nítorí èyí, ó yẹ kí olùkọ́ mọ ohun tí gbólóhùn rẹ̀ gbé dání dájúdájú, kí ó sì mọ ohun tí kò gbé dání. Ẹ̀kọ́ kan wà tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Lọ́jíìkì alámì ni a ń pè é, èyíinì ni ẹ̀kọ́ ìrònú tí ó tọ́, tí a fi àmì kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi àmì kọ ìṣirò. Kíkọ àmì náà sílẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan. Sísọ ọ́ padà di ọ̀rọ̀ ẹnu tí ìyá arúgbó lè gbọ́ kí ó sì yé e jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ kejì yìí ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò.

I. Ibi tí àwọn àmì náà ti wá

Inú wa yóò dùn láti mọ̀ pé olùkọ́ ilé-ìwé ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. George Boole ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ìlú Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1815. Bàtà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, ó ti di igbákejì olùkọ́. Ní ọdún 1834 ó dá ilé-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀. Kò lọ sí yunifásítì kankan láti kẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ ní ọdún 1849 a yàn án ní ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Queen's College tí ó wà ní Cork ní ilẹ̀ Ireland. Ní ọdún 1847 àti 1854 ni ó tẹ àwọn ìwé rẹ̀ jáde, nínú èyí tí ó fi hàn pé a lè fi ìṣirò ṣe ìrònú. Ní ọdún 1847 yìí kan náà ni Augustus De Morgan, ọ̀jọ̀gbọ́n ní London, tẹ ìwé tirẹ̀ lórí lọ́jíìkì jáde.

Ní ọdún 1879, Gottlob Frege ti ilẹ̀ Jámánì wá ọ̀nà láti kọ "gbogbo" àti "kan wà" ní àmì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Whitehead àti Russell tẹ ìwé ńlá wọn, Principia Mathematica, jáde ní apá mẹ́ta láàárín ọdún 1910 sí 1913. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni èyí. Ní ọdún 1937 Claude Shannon fi hàn, nínú ìwé tí ó kọ fún oyè ní Amẹ́ríkà, pé ìṣirò Boole bá bí a ti ń tan iná mànàmáná àti bí a ti ń pa á mu rẹ́gí; lórí ìpìlẹ̀ yìí ni kọ̀ǹpútà òde òní sì dúró.

II. Àwọn àmì márùn-ún

Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà p dúró fún gbólóhùn kan tí ó lè jẹ́ òtítọ́ tàbí irọ́, kí q sì dúró fún òmíràn.

Èkíní, ¬p. Èyí ni "kò". Bí p bá jẹ́ "Òjò rọ̀", ¬p ni "Òjò kò rọ̀". Èyí rọrùn. Ṣùgbọ́n bí àmì yìí bá dúró níwájú àkámọ́, gbogbo ohun tí ó wà nínú àkámọ́ náà ni ó ń sẹ́. Nígbà náà, ẹ kọ́kọ́ kà á báyìí: "Kì í ṣe òtítọ́ pé…", kí ẹ tó wá ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì, p ∧ q. Àmì yìí wí pé méjèèjì ni òtítọ́. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi Yorùbá kọ, nítorí wọ́n ń tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ní afọ́jú. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, "and" ni a fi ń so orúkọ pọ̀, òun náà ni a sì fi ń so gbólóhùn pọ̀. Èdè tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. "Àti" ni a fi ń so orúkọ pọ̀: "Òjó àti Àìná." "Sì" ni a fi ń so gbólóhùn pọ̀: "Òjò rọ̀, ilẹ̀ sì tutù." Ẹni tí ó bá wí pé "Òjò rọ̀ àti ilẹ̀ tutù" kò tíì sọ Yorùbá. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé "ṣùgbọ́n" àti "bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé" náà jẹ́ ∧. "Tálákà ni, ṣùgbọ́n olóòótọ́ ni": ohun méjì ni a sọ, òtítọ́ sì ni méjèèjì. Ìyàlẹ́nu tí ó wà nínú "ṣùgbọ́n" kò sí nínú àmì. Bákan náà, p ∧ q àti q ∧ p kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wí pé "Ó ṣubú, ó sì kú" kò sọ ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó wí pé "Ó kú, ó sì ṣubú."

Ẹ̀kẹta, p ∨ q. Èyí ni "tàbí". Láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì kan, "vel", ni a ti mú àmì náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ òtítọ́. Kò sì kọ̀ bí méjèèjì bá jẹ́ òtítọ́. Bí òfin bá wí pé "Kí ọmọ mú ìwé ẹ̀rí bàbá rẹ̀ tàbí ti ìyá rẹ̀ wá", a kò ní lé ẹni tí ó mú méjèèjì wá padà sílé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wí fún àlejò pé, "Ẹ mú ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀", àlejò mọ̀ pé ọ̀kan ni a fún òun. Nítorí náà, bí àmì náà bá jẹ́ ∨ nìkan, tí ẹ sì ń bẹ̀rù kí olùgbọ́ má ṣì í gbọ́, ẹ fi kún un pé "tàbí méjèèjì".

Ẹ̀kẹrin, p → q. Èyí ni "Bí… bá…". Òun ni ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ wa, a óò sì padà wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, p ↔ q. Ìtumọ̀ èyí ni pé p àti q ń rìn pọ̀: bí ọ̀kan bá jẹ́ òtítọ́, èkejì jẹ́ òtítọ́, bí ọ̀kan bá jẹ́ irọ́, èkejì jẹ́ irọ́. Ọ̀nà tí kò ní ìṣìnà láti sọ ọ́ ni láti sọ apá méjèèjì: "Bí o bá yege, èmi yóò fún ọ ní ìwé; bí o kò bá yege, èmi kì yóò fún ọ."

III. Ọ̀ràn "Bí… bá…"

Olùkọ́ kan wí fún ọmọ pé, "Bí o bá yege, èmi yóò fún ọ ní ìwé." Nígbà wo ni a lè pe olùkọ́ yìí ní òpùrọ́? Ọ̀nà mẹ́rin ni ọ̀ràn náà lè gbà rí. Ọmọ yege, ó sì gba ìwé: olùkọ́ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ọmọ kò yege, kò sì gba ìwé: kò sí ẹ̀sùn. Ọmọ kò yege, ṣùgbọ́n olùkọ́ ṣàánú rẹ̀, ó fún un ní ìwé: kò sí irọ́ níhìn-ín pẹ̀lú, nítorí olùkọ́ kò sọ ohun tí òun yóò ṣe bí ọmọ kò bá yege. Ọmọ yege, olùkọ́ kò sì fún un ní ohunkóhun: irọ́ rèé. Nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan ṣoṣo yìí ni ó sọ p → q di irọ́.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ kékeré kan ti lè yí ọ̀ràn padà nínú èdè wa. "Bí o bá yege, èmi yóò fún ọ ní ìwé": èyí ni →. "Bí o bá yege ni èmi yóò fún ọ ní ìwé": ẹni tí ó gbọ́ èyí mọ̀ pé bí òun kò bá yege, kò sí ìwé fún òun. "Ni" yìí ti ti ilẹ̀kùn yòókù. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ka → lásán, ẹ má ṣe jẹ́ kí "ni" yọ́ wọlé.

Ìlérí tí a bá yí síwá sẹ́yìn kì í ṣe ìlérí kan náà mọ́. "Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ yóò tutù." Ẹni tí ó bá jí tí ó rí i pé ilẹ̀ tutù, tí ó sì wí pé òjò ti rọ̀, ó yára jù, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan da omi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí i pé ilẹ̀ gbẹ lè wí láìbẹ̀rù pé, "Ilẹ̀ kò tutù, a jẹ́ pé òjò kò rọ̀." Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa, "a jẹ́ pé", ni ó yẹ jù láti fi sọ ohun tí ìrònú mú jáde. Nínú àmì, p → q àti ¬q → ¬p jẹ́ ọ̀kan náà. P → q àti q → p kì í ṣe ọ̀kan náà.

Peter Wason, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní ọdún 1966 bí èyí ti ṣòro fún àwọn tí ó kàwé pàápàá. Ẹ gbé káàdì mẹ́rin kalẹ̀, lẹ́tà lójú kan, nọ́ńbà lójú kejì. Ohun tí a rí ni A, K, 4 àti 7. Òfin ni pé bí A tàbí fáwẹ́lì mìíràn bá wà lójú kan, nọ́ńbà tí a lè fi 2 pín láìṣẹ́kù ni yóò wà lójú kejì. Káàdì wo ni kí a yí padà kí a tó mọ̀ bí òfin náà ti jẹ́ òtítọ́ tàbí irọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa mú A àti 4. Ìdáhùn tí ó tọ́ ni A àti 7. Káàdì 4 kò lè ba òfin jẹ́, ohunkóhun tí ó wù kí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fáwẹ́lì bá wà lẹ́yìn 7, òfin ti wó.

Ohun kan kù lórí èyí. "Ìbá ṣe pé òjò rọ̀ ni, ilẹ̀ ìbá tutù" kì í ṣe p → q. Ẹni tí ó ń sọ ọ́ ti mọ̀ pé òjò kò rọ̀. Èdè wa ya "bá" sọ́tọ̀ kúrò lára "ìbá". "Bá" ni kí a máa fi ka →.

Ní ti "unless" àti "only if" tí ó ń da àwọn tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láàmú, "àfi" yóò là wọ́n sí wa. "Èmi kì yóò wá àfi bí o bá pè mí": bí o kò bá pè mí, èmi kì yóò wá. Èyí jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú pé bí ẹ bá rí mi, a jẹ́ pé o pè mí. Kò ṣe ìlérí pé bí o bá pè mí, dandan ni kí n wá.

IV. "Gbogbo" àti "kan wà"

Àmì ∀x ni a ń kà sí "ní ti ohunkóhun, x". ∃X ni "ohun kan wà, x". Gerhard Gentzen ni ó fún wa ní ∀ ní ọdún 1935. Giuseppe Peano ará Ítálì ni ó ti kọ ∃ ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 1897.

Òwe kan yóò jẹ́ àpẹẹrẹ fún wa: "Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run." Ẹ jẹ́ kí A(x) dúró fún "x jẹ́ alángbá", kí D(x) dúró fún "x dakùn délẹ̀". Apá kìíní òwe náà ni ∀x(A(x) → D(x)). Bí a bá kà á ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ó di: "Ní ti ohunkóhun, bí ó bá jẹ́ alángbá, ó dakùn délẹ̀." A tún lè sọ pé: "Kò sí alángbá tí kò dakùn délẹ̀." Ẹ kíyè sí i pé → ni ó wà láàárín, kì í ṣe ∧. Bí a bá kọ ∀x(A(x) ∧ D(x)), ohun tí a wí ni pé gbogbo ohun tí ó wà láyé ni ó jẹ́ alángbá, gbogbo wọn ni ó sì dakùn délẹ̀; èmi àti ẹ̀yin sì wà nínú rẹ̀! Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ∃, ∧ ni ó tọ́: ∃x(A(x) ∧ R(x)), "Alángbá kan wà tí inú ń run."

Òwe náà sì kọ́ wa ní ìrònú tí ó tọ́. Èyí tí inú ń run dakùn délẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ le náà dakùn délẹ̀. Nítorí náà, rírí tí a rí i pé ó dakùn délẹ̀ kò tó láti fi mọ̀ pé inú ń run ún. Àwọn baba wa kò lo àmì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ yí "bí" padà síwá sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ "a kò mọ̀" ni kò ní àmì nínú àwọn tí a kà sílẹ̀ yìí.

Ọ̀fìn méjì wà níhìn-ín tí olùkọ́ gbọdọ̀ yẹra fún. Èkíní ni ipò tí "kò" wà. Ẹ jẹ́ kí O(x) jẹ́ "x jẹ́ ọmọ kíláàsì yìí", kí Y(x) jẹ́ "x yege". ¬∀x(O(x) → Y(x)) ni "Kì í ṣe gbogbo ọmọ kíláàsì yìí ni ó yege." ∀x(O(x) → ¬Y(x)) ni "Kò sí ọmọ kíláàsì yìí kankan tí ó yege." Nínú kíláàsì ọlọ́gbọ̀n ọmọ, gbólóhùn kìíní lè jẹ́ òtítọ́ nítorí ọmọ kan ṣoṣo, èkejì sọ pé gbogbo ọgbọ̀n ni ó ṣubú. Ẹni tí ó bá kọ̀wé sí àwọn òbí pé "Gbogbo ọmọ kò yege" kò sọ èwo nínú méjèèjì. Bàbá kan yóò kà á, yóò sì na ọmọ rẹ̀ tí ó yege. Gẹ̀ẹ́sì náà ní àìsàn yìí: "All the boys did not pass" lè túmọ̀ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Èkejì ni èwo ni ó ṣáájú, ∀ tàbí ∃. "Gbogbo ọmọ ń ka ìwé kan." Ṣé olúkúlùkù ní ìwé tirẹ̀, tí ó lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, àbí ìwé kan náà ni gbogbo wọn ń kà? Bí ∀x bá ṣáájú ∃y, ẹ wí pé: "Olúkúlùkù ọmọ ní ìwé tí ó ń kà." Bí ∃y bá ṣáájú ∀x, ẹ wí pé: "Ìwé kan wà tí gbogbo ọmọ ń kà." Ẹni tí ó fẹ́ ra ìwé fún kíláàsì gbọdọ̀ mọ̀ bóyá irú ìwé kan ni yóò béèrè tàbí oríṣiríṣi.

V. Ọ̀nà tí a lè máa tọ̀

Mo dábàá ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìtumọ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá àmì tí ó jẹ́ olórí, èyí tí ó di gbogbo gbólóhùn mú. Ẹ̀kẹta, ẹ kà á ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, bí kò tilẹ̀ dùn létí. Ẹ̀kẹrin, ẹ tún un sọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ nílé, kí ẹ sì bi ara yín pé: Kí ni yóò sọ àmì yìí di irọ́? Ṣé ohun kan náà ni yóò sọ gbólóhùn mi di irọ́? Bí ìdáhùn bá yàtọ̀, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò lórí ohun tí ó kan ilé-ìwé. O(x) ni "x jẹ́ ọmọ ilé-ìwé". S(x) ni "x san owó". W(x) ni "x yóò ṣe ìdánwò". A fún wa ní ∀x((O(x) ∧ ¬S(x)) → ¬W(x)). Ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé: "Ní ti ẹnikẹ́ni, bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé-ìwé, tí kò sì san owó, kì yóò ṣe ìdánwò." Ní èdè ilé: "Ọmọ ilé-ìwé tí kò bá san owó kì yóò ṣe ìdánwò." Kí ni yóò sọ ọ́ di irọ́? Ọmọ tí kò san owó tí a sì jẹ́ kí ó ṣe ìdánwò, òun nìkan.

Nísinsìnyí, ìyá kan tà nínú aṣọ rẹ̀ kí ó lè san owó ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ ìdánwò, a lé ọmọ náà padà nítorí pé kò wá sí ilé-ìwé déédéé. Ìyá náà wí pé, "Ẹ̀yin ni ẹ sọ pé ẹni tí ó bá san owó yóò ṣe ìdánwò." Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ nìyẹn, ó sì ti ta aṣọ rẹ̀. Ta ni ó jẹ̀bi? Lọ́jíìkì dá òfin láre, ṣùgbọ́n kò dá olùkọ́ láre tí ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yí "bí" padà, tí kò sì fi gbólóhùn kan kún un: "Kì í ṣe owó nìkan ni a ń wò, ọmọ gbọdọ̀ wá sí ilé-ìwé déédéé pẹ̀lú." Gbólóhùn kan péré ni ìyá náà ṣe aláìní. Bákan náà, bí olùkọ́ kan bá lé ọmọ tí ó ti san owó jáde láìní ìdí mìíràn, kò lè fi òfin yìí gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, nítorí òfin náà kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí ó ti sanwó.

Ẹ wá rí i pé ìtumọ̀ tí ó péye ní ojúṣe méjì: kí ó má ṣe sọ ju ohun tí àmì sọ lọ, kí ó má sì ṣe fi olùgbọ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn nípa ohun tí àmì kò sọ.

VI. Ìdánrawò

Ẹ jẹ́ kí x dúró fún ènìyàn. K(x): x jẹ́ olùkọ́; S(x): x ní sùúrù; L(x): x mọ̀wé. Ẹ sọ ìwọ̀nyí di Yorùbá tí ó dán:

(1) ∀x(K(x) → S(x))
(2) ¬∀x(L(x) → S(x))
(3) ∃x(S(x) ∧ ¬L(x))
(4) ¬∃x(K(x) ∧ ¬S(x))

Ìdáhùn: (1) Gbogbo olùkọ́ ni ó ní sùúrù. (2) Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mọ̀wé ni ó ní sùúrù. (3) Ẹnì kan wà tí ó ní sùúrù, bí kò tilẹ̀ mọ̀wé. (4) Kò sí olùkọ́ tí kò ní sùúrù. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ yóò rí i pé (1) àti (4) jẹ́ ọ̀kan náà, bí àmì wọn tilẹ̀ yàtọ̀: ohun kan ṣoṣo ni ó lè sọ wọ́n di irọ́, èyíinì ni olùkọ́ kan tí kò ní sùúrù. Kí olúkúlùkù wa ṣọ́ra kí ó má bàa jẹ́ òun ni a ó fi ba gbólóhùn méjèèjì jẹ́.